Bí A Ṣe Rí Ẹni Kẹta fún Ilé Wa ní Ìbà

Yàrá mẹ́ta ni ilé náà ní, àwa méjì péré ni a sì ń gbé inú rẹ̀. Èmi àti obìnrin kan tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ni a pawọ́ pọ̀ gbà á lọ́wọ́ onílé, ní àdúgbò kan ní Ìbà tí títì ti parí sínú iyanrìn. Kíláàsì àwọn àgbàlagbà ni kíláàsì tí mo wí yìí. Inú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀jọ́ ni a ti ń ṣe é, nígbà tí àwọn ọmọdé bá ti lọ sílé. Àwọn bẹ́ńṣì náà kéré, orúnkún wa sì máa ń kan abẹ́ tábìlì. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Kí n tó débẹ̀, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń rán aṣọ ilé-ìwé ní Okokomaiko. Mo mọ ìwọ̀n àyà àti apá ọ̀pọ̀ ọmọ lórí, ṣùgbọ́n n kò lè ka orúkọ ilé-ìwé tí mo ń rán mọ́ àpò aṣọ wọn. Mo kàn máa ń wo bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣe tẹ̀ ni, mo sì ń rán an bí ẹní ń rán òdòdó.

Ẹnìkejì mi kéré sí mi ní ọdún mẹ́wàá, àbúrò ni mo sì máa ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni títún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ní ìsọ̀ kékeré kan nítòsí Ìyànà-Ìbà. Àwọn oníbàárà a máa dé, wọn a wò ọ̀tún wò òsì, wọn a bèèrè pé ọ̀gá dà. Yóò ní, "Ọ̀gá ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yẹn." Ọdún tí ó ti lò nínú èéfín ti ba àyà rẹ̀ jẹ́. Bí èéfín bá kàn án díẹ̀, èémí rẹ̀ á há, yóò sì máa wá oògùn tí ó ń fà sẹ́nu nínú báàgì. Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ pé ohun tí ó kọ́kọ́ bá mi sọ nípa ilé ni pé jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ọgbà òun láéláé.

"Àǹtí, ẹni tó ń ta ọtí kì í mu ún nílé."

"Ta ló pa òwe yẹn?"

"Èmi ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á ni."

Ìdí tèmi yàtọ̀. Yàrá kan ni mò ń gbé tẹ́lẹ̀ ní Okokomaiko, gọ́tà sì wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ibẹ̀ ni èmi náà ń da ìdọ̀tí sí, bí gbogbo ará àdúgbò ti ń ṣe. Ní ọdún kan, òjò rọ̀ di ìrọ̀lẹ́, gọ́tà kún, omi sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Bí mo ti ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sórí bẹ́ẹ̀dì, mo rí i pé àwọn àjákù aṣọ ilé-ìwé aláwọ̀ búlúù tí mo dà nù ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni wọ́n léfòó wọlé wá bá mi. Mo mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti ju ohunkóhun sí gọ́tà mọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ó yẹ kí ènìyàn lè gbé ibì kan tí ohun tí ó dà nù kò ní í di ìyọnu fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí a gba ilé náà, olùkọ́ wa ti fún wa ní iṣẹ́ pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ìwé àdéhùn kan. Mo pinnu pé n kò ní í kọ àdéhùn àfinúrò. Àdéhùn ilé wa gan-an ni mo kọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́, pẹ̀lú pẹ́ńsù kí n tó fi bírò tẹ̀ ẹ́. Ìlà mẹ́jọ ni ó ní. Omi òjò ni a ó máa fi fọṣọ, a ó gbà á sínú táńkì láti orí òrùlé, nítorí omi kànga wa máa ń mú aṣọ funfun pọ́n. Ìkòkò kan ni a ó máa sè lálaalẹ́, ẹni tí ó bá kàn ni yóò sè é. Èèpo iṣu àti ìdọ̀tí ìdáná yóò lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti di ilẹ̀dú fún ọgbà ẹ̀fọ́. Kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí ohun tí a ó jù sí gọ́tà. Bẹ́ẹ̀ ni mo to gbogbo rẹ̀. Ìlà kẹfà ni mo kọ kíkankíkan jù: Ẹni tí ó bá dáná sun pàǹtí nínú ọgbà yìí, kò ní í bá wa gbé mọ́.

Olùkọ́ fi bírò pupa kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé ó dára. Ìwé kíkún àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ láyé mi nìyẹn. Mo gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Ìyànà-Ìbà, wọ́n fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó níwájú àti lẹ́yìn, omi kò sì lè ba á jẹ́ mọ́. Mo fi ìṣó kan kọ́ ọ sára ògiri ilé ìdáná. Lọ́pọ̀ àárọ̀, kí tíì tó hó, mo máa ń dúró níwájú rẹ̀, n ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kì í ṣe pé mo gbàgbé ohun tí ó wà níbẹ̀.

Ọgbà ẹ̀fọ́ wa jẹ́ ebè mẹ́fà: ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ata àti ewúro díẹ̀. Iyanrìn ni ilẹ̀ náà, kì í mú omi dání. Mo gbọ́ pé bí a bá fi ewé gbígbẹ bo orí ilẹ̀, omi kò ní í tètè gbẹ, ewé náà yóò sì jẹrà di oúnjẹ fún ilẹ̀. Igi fúrúùtù mẹ́ta wà nínú ilé-ìwé tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ewé wọn fẹ̀, ó sì máa ń já púpọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ẹ̀kọ́, èmi àti àbúrò mi a kó o sínú àpò ìrẹsì, a gbé e sórí ọ̀kadà lọ sí Ìbà. Àwọn ọmọ kíláàsì wa a máa bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin méjì, ewúrẹ́ mélòó lẹ ń sìn?"

"Méjì," ni àbúrò mi máa ń dáhùn. "Èmi àti Àǹtí."

Oṣù mẹ́ta ni a fi kó ewé náà. Ó ti nípọn lórí ebè bí ibùsùn, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ti ń dúdú.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé fún ẹni méjì tó ń jáde láàárọ̀, tó tún ń lọ sí kíláàsì, ti pọ̀ jù, owó ilé náà sì wúwo fún ẹni méjì. A nílò ẹni kẹta, ẹni tí èrò rẹ̀ bá tiwa mu. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń fi ojú lásán yan nǹkan. Mo jókòó, mo kọ ìbéèrè mẹ́rìnlá sílẹ̀ sínú ìwé kíláàsì mi.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá wo yàrá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Gbogbo ohun tí mo bá bi í, "Yẹ́sì mà" ni. Mo bi í bóyá ó lè máa fa omi lójoojúmọ́. Yẹ́sì mà. Mo bi í bóyá fífa omi máa ń nira fún un. Yẹ́sì mà. Àbúrò mi tẹ̀ sí etí mi, ó ní kí n bi í bóyá ó ti ṣe gómìnà rí. Ẹni kejì ń tajà ní Alaba, ó sì fẹ́ràn gbogbo ohun tí ó rí, ṣùgbọ́n ó ní fírísà ńlá méjì tí kò gbọ́dọ̀ wà láìsí iná. Àbúrò mi na ọwọ́ sí sólà wa lórí òrùlé, tí kò fẹ̀ ju àtẹ ìyẹ̀fun lọ. Obìnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó kí wa, ó lọ. Ẹni kẹta jẹ́ olùkọ́ ọmọ kékeré, jẹ́jẹ́ ni, ó sì mọ́ tónítóní. Mo ti ń rò ó pé a ti rí i. Bí a ti dé ẹ̀yìnkùlé ni ó bèèrè pé, "Níbo lẹ ti máa ń jó pàǹtí yín, mà?" Mo pa ìwé ìbéèrè mi dé. Mo sọ fún un pé a ó ránṣẹ́ sí i, a kò sì ránṣẹ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí ni ìyá àgbà kan wọ ìsọ̀ mi ní Okokomaiko pẹ̀lú kọ́tìnnì márùn-ún tí wọ́n dì sínú ìró. Wọ́n fẹ́ kí n tú etí àwọn kọ́tìnnì náà, kí n tún un rán. Mo béèrè bí fèrèsé náà ti ga tó.

Wọ́n ní, "Mi ò tíì mọ̀. Rán an gígùn. Tó bá gùn jù, a lè gé e. Ibi tí mò ń lọ ni mi ò tíì mọ̀."

Wọ́n sọ ọ́ bí ẹní ń sọ pé òjò yóò rọ̀. Mo fún wọn ní àga. Sójà ni ọkọ wọn, ó sì ti kú. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé wọn níyàwó kúrò ní ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ti ń gbé bárékè Ọ̀jọ́. Àwọn aláṣẹ ti fi àkókò kún àkókò fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìparí oṣù náà, wọn gbọ́dọ̀ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ìdílé mìíràn. Ọmọkùnrin wọn wà lókè Ọya. Ọmọbìnrin wọn ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mẹ́ta.

"Wọ́n ní kí n máa bọ̀," ni wọ́n wí. "Mo wo yàrá náà. Ibi tí mo máa na ẹsẹ̀ sí, orí ọmọ wà níbẹ̀."

Òwú já lẹ́nu ẹ̀rọ mi bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, mo sì ń gbìyànjú láti ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi itọ́ rin ín lẹ́nu, wọ́n tì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo pè wọ́n wá wo ilé wa lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá mọ̀ mí yóò mọ̀ pé èyí kò jọ mí.

N kò rí ọ̀nà bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rìnlá mi, àwọn ni wọ́n ń bi wá. Ta ló kọ́kọ́ ń jí? Ta ló máa ń ti géètì? Ṣé a máa ń jẹun papọ̀, àbí oníkálukú ń bo àwo mọ́lẹ̀? Wọ́n tọ́ omi kànga wò, wọ́n tu ú dànù. Wọ́n wo táńkì omi òjò, wọ́n ní àwọn mọ bí wọ́n ti ń fi aṣọ sẹ́ ẹ. Àbúrò mi bi wọ́n bóyá bíbá ènìyàn pín ilé kò ní í sú wọn.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìdílé mẹ́jọ la jọ ń lo ẹ̀rọ omi kan. Mo mọ ìgbà tí mo máa ń ké, mo mọ ìgbà tí mo máa ń dákẹ́."

Láti ìgbà náà ni a ti ń pè wọ́n ní Mọ́mì. Mo mú ìwé àdéhùn sọ̀kalẹ̀ lára ògiri, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Wọ́n gbé e jìnnà sí ojú, wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n mi orí.

"Ó dára. Ó dára gan-an ni. Awò ojú mi wà nínú ẹrù, ṣùgbọ́n mo ti rí i."

Inú mi dùn ju bí ó ti yẹ lọ. A fẹnu kò pé wọn yóò kọ́kọ́ gbé ọ̀sẹ̀ kan wò pẹ̀lú wa, kí wọ́n tó kó ẹrù wọn dé. Ní ọjọ́bọ̀, wọ́n dé pẹ̀lú ẹní kan, báàgì kan àti ìgbálẹ̀ méjì.

Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, àbúrò mi ti lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, èmi náà sì kó aṣọ tí mo rán lọ fún ilé-ìwé kan. Bí mo ti ń padà bọ̀, mo rí èéfín lókè ọgbà wa láti ọ̀nà jíjìn. Mo sáré. Mo ṣí géètì. Ilẹ̀ ọgbà náà mọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ojú ìgbálẹ̀ sì hàn lórí iyanrìn bí ìlà inú ìwé. Lẹ́yìnkùlé, ebè mẹ́fà náà wà ní ìhòòhò. Gbogbo ewé oṣù mẹ́ta ti di òkìtì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì ń jó. Mọ́mì dúró tì í pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, òógùn ń ṣàn lójú wọn, inú wọn dùn.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Wo ilé yín bó ti rí! Ejò ìbá ti pa yín sínú ewé yìí. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí mi níbi tí mo ti ń ṣe é, mo ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jáde ná."

Ẹ̀bùn ni wọ́n ṣe fún wa. Mo mọ̀ ọ́n, kódà ní ìṣẹ́jú náà. Ní bárékè, ilẹ̀ tí ewé wà lórí rẹ̀ jẹ́ ìtìjú fún ìyàwó ilé; kí oòrùn tó yọ ni wọ́n ti ń gbá iwájú ilé, nítorí pé ọ̀gá lè wá yẹ̀ ẹ́ wò nígbàkígbà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rò ni olùkọ́ jẹ́jẹ́ tí mo lé lọ nítorí pé ó béèrè. Ó béèrè lásán ni. Mo ní bí mo bá fojú fo èyí, ojúsàájú ni mo ṣe, òfin mi sì ti di yẹ̀yẹ́. Mo bu omi pa iná náà. Mo wọlé, mo mú ìwé àdéhùn jáde, mo sì dúró ní àárín ọgbà níwájú ìyá tó tó bí mi, mo ka ìlà kẹfà sí wọn létí.

Mo kà á já gaara. Ohun tó ń tì mí lójú jù nìyẹn bí mo bá rántí.

Mọ́mì kò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n gbọn ìgbálẹ̀, wọ́n fi í ti ògiri, wọ́n tún ìró wọn ró.

"Ẹ ṣeun. Òfin ni òfin." Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ mí, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi "ẹ" bá èmi nìkan sọ̀rọ̀. Wọ́n ká ẹní wọn, wọ́n gbé báàgì wọn. Mo ní kí n bá wọn gbé e dé títì, wọ́n ní kò wúwo.

Nígbà tí àbúrò mi dé, ó gbọ́ òórùn iná láti ẹnu géètì, ó sì dúró síta lórí pèpéle aládùúgbò wa títí afẹ́fẹ́ fi mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti lọ rò fún un. Mo rò pé yóò gbè mí, nítorí pé òun gan-an ni mo ṣe òfin náà fún.

"Àǹtí, ẹ ka ìwé fún ẹni tó ń gbálẹ̀?"

"Ó wà nínú àdéhùn."

"Ṣé ẹ sọ fún wọn pé èéfín lè pa mí?"

"Ìlà kẹfà ni."

"Ìlà kẹfà sọ pé kí wọ́n lọ. Kò sọ pé àyà mi ń dùn mí. Èmi ò sí nínú ìwé yẹn rárá." Ó fa oògùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó di èémí mú, ó tú u jáde. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù fún wọn ní bárékè. Níbo lẹ ní kí wọ́n gbé kọ́tìnnì yẹn lọ?"

Mo wọlé, mo jókòó sí ilé ìdáná pẹ̀lú ìwé náà lórí ẹsẹ̀ mi. Mo ní kò sí ohun tí n kò ṣe bí ó ti yẹ; mo gbé e fún wọn, wọ́n wò ó, wọ́n ní ó dára, awò wọn wà nínú ẹrù. Mo tún un rò lẹ́ẹ̀kejì. Awò. Ta ni ó ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ìsọ̀ mi tó ṣókùnkùn, láìsí awò?

Ogún ọdún ni èmi náà fi pa irọ́ yẹn. Bí ìyá ọmọ kan bá gbé ìwé ìwọ̀n aṣọ fún mi, n ó gbé e jìnnà sí ojú, n ó mi orí, n ó ní awò mi wà nílé, ẹ kúkú fẹnu sọ ọ́ fún mi. Mo mọ bí a ti ń mi orí náà. Mo mọ iye ìgbà tó yẹ kí ojú fi wà lórí ìwé kí ó tó jọ pé a kà á. Nínú gbogbo àwọn tó wà ní Ìbà àti Ọ̀jọ́, èmi ni ó yẹ kí n dá a mọ̀, èmi ni n kò sì dá a mọ̀, nítorí pé ìwé mi ni mò ń wò, n kò wo ẹni tó gbé e dání.

Ní ọjọ́ Ajé, mo ti ìsọ̀ mi, mo lọ sí géètì bárékè. Mo sọ fún sójà tó wà níbẹ̀ ẹni tí mo wá rí, ó ránṣẹ́, mo sì dúró sábẹ́ oòrùn. Mọ́mì jáde wá. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde, jàre. Iyanrìn yẹn gbóná."

"Mọ́mì, ẹ dákun, ẹ má bínú."

"Kí lo ṣe? Ìwé lo kà."

Láti ilé ni mo ti ń to ohun tí n ó sọ, mo sì mọ̀ pé bí mo bá sọ tiwọn ní gbangba, àbùkù ni fún wọn. Nítorí náà, tèmi ni mo sọ.

"Mọ́mì, ó lé ní ogún ọdún, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń ní awò mi wà nílé. Mi ò ní awò. Mi ò ní awò rí títí dòní."

Wọ́n yí ojú sí títì.

"Ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́?"

"Lọ́pọ̀ ìgbà, mà."

"Tèmi náà máa ń ṣiṣẹ́," ni wọ́n wí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu wọn. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí sójà ẹnu géètì fi wò wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu ojú. "Ọkọ mi ló máa ń kà á fún mi. Ohùn rẹ̀ ni mo fi mọ gbogbo ìwé tí mo mọ̀. Ó yá, kí ló wà nínú ìwé yín gan-an?"

Mo sọ ọ́ fún wọn, láti ìlà kìíní. Wọ́n ń fi ìka kà á. Nígbà tí mo dé ìkẹfà, mo ṣàlàyé pé èéfín ló ń há èémí àbúrò mi. Ojú wọn yí padà.

"Ọmọ yẹn? Ọmọ tó ń pa mí lẹ́rìn-ín yẹn?"

"Òun ni, mà."

"Ẹ ní ọmọ tí èéfín lè pa nínú ilé, ẹ wá kọ ọ́ mọ́ ara ògiri, ẹ ò sọ ọ́ lẹ́nu!" Ìbínú náà jinlẹ̀, ó sì tọ́ sí mi. "Ká ní ó wà nílé lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ìwọ náà, ṣé ìwé lo fi ń bá ènìyàn gbé ni? Báwo ni ara rẹ̀ báyìí?"

Mo ní ó ti yá. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Wọ́n ní àwọn kò ní í wá bí a kò bá kọ́kọ́ gbọ́ tiwọn náà. Wọ́n kò fẹ́ ewé níwájú ilé. Láti ẹnu ọ̀nà dé géètì gbọ́dọ̀ mọ́ lójoojúmọ́, àwọn ni yóò máa gbá a, ẹ̀yìnkùlé ni kí ewé wà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jáde nílé láìsọ ibi tí òun ń lọ, nítorí pé ilé tí a kì í ti í sọ ibi tí a ń lọ, ilé àlejò ni. Mo gbà. Kò sí bí mo ṣe lè kọ ọ́ sínú ìwé àtijọ́, rọ́bà ti bò ó. Mo yọ ọ́ kúrò lára ògiri lọ́jọ́ náà, mo sì kọ òmíràn. Nínú èyí, ìlà kẹfà sọ pé a kò gbọ́dọ̀ dáná sun pàǹtí nítorí àyà àbúrò wa. Bí ẹnì kan bá gbàgbé, a ó jókòó bá a sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo kà á sókè, àwọn méjèèjì sì dá mi dúró níbi mẹ́ta láti tún un ṣe.

Àbúrò mi ní kí Mọ́mì wá bá wa jókòó ní kíláàsì. Wọ́n ní bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé kò lè gbà wọ́n, àti pé etí wọn kò dí, kí a máa kà á fún wọn. A kò tún sọ ọ́ mọ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà, àwa mẹ́ta ni a jọ gbá ilé tí wọ́n ń fi sílẹ̀ náà, nítorí pé wọ́n ní ìdílé tó ń bọ̀ kò gbọ́dọ̀ rí ìdọ̀tí àwọn. Àbúrò mi so aṣọ mọ́ imú nítorí erukuru. Sójà tó gba kọ́kọ́rọ́ dọ̀bálẹ̀ fún wọn tààrà. Wọ́n fọwọ́ kan orí rẹ̀, wọ́n sì gun ọkọ̀ ẹrù pẹ̀lú wa lọ sí Ìbà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń ṣe bí àlejò sí wa. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè lo síbí yìí?" "Ẹ má bínú, ṣé ẹ ṣì ń lo ìkòkò yẹn?" Wọ́n ń rìn lẹ́bàá ògiri bí ẹni tí wọ́n lè lé lọ. Gbogbo rẹ̀ ń dùn mí, nítorí mo mọ ẹni tó kọ́ wọn ní ìrìn náà. Mo gbìyànjú láti sọ fún wọn pé ilé wọn ni, ṣùgbọ́n kò jọ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lọ́kàn.

Ó di òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan. Èmi ni mo se ọbẹ̀ lálẹ́ àná, oorun sì ti kùn mí. Mo ń wọ aṣọ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn Mọ́mì láti ilé ìdáná, ohùn tí wọ́n fi ń ké sí ìdílé mẹ́jọ nídìí ẹ̀rọ omi.

"Ta ló fi ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ báyìí, tí kò bu omi sí i?"

Mo jáde. Àbúrò mi wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ó fi ètè júwe mi.

"Èmi ni, mà."

"Wá fọ̀ ọ́ kó o tó jáde. Ta ló rò pé ó máa bá ẹ fọ̀ ọ́?"

Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo sì lọ fọ ìkòkò náà. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún àbúrò mi pé bí mo ti tóbi tó yìí, wọn kò mọ ẹni tó kọ́ mi ní ilé ìdáná, tí àbúrò mi sì ń dáhùn pé, "Mọ́mì, ẹ bá mi bi í."